Ojú Táyé Ni Mo Fi Ránṣẹ́

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ìlú òtútù yìí. Mo kí yín kú iṣẹ́ ẹja, mo kí yín kú ojú lọ́nà wa. Mo kí Bàbá Àgbà, mo kí àbúrò mi Mùtíù, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìbíadé. Mo bẹ̀ yín, kí Kúdí, àbúrò mi obìnrin, jókòó tì yín, kó ka lẹ́tà yìí fún yín títí dé ìparí. Òun fúnra rẹ̀ ló gbà kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú, torí pé ìta gbangba la ti ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, n kò lè máa bẹ̀bẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Ẹ ti bi mí rí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe nídìí kọ̀ǹpútà. Ilé iṣẹ́ tó ń ta ọjà lórí ayélujára ni mo wà. Àwọn oníbàárà máa ń fi àdírẹ́sì ímeèlì wọn sílẹ̀. Èmi ni mo ṣe ètò tó ń gba àdírẹ́sì yẹn, tó sì ń wá orúkọ ẹni tó ni ín jáde, àti fọ́tò tó fi síbẹ̀, kí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn lè mọ ojú ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Òjò kì í dá níbí, ìyá mi, n kì í sì í rí ẹni bá jẹun. Fọ́tò àwọn tí n kò mọ̀ rí ni mò ń wò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà míì mo máa ń kí wọn.

Nígbà tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí Kúdí ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹkún ló fi pè mí. Ẹni náà ti gé ojú Kúdí lẹ̀ mọ́ fọ́tò ìhòòhò obìnrin mìíràn. Ó ní tí kò bá wá bá òun ní òtẹ́ẹ̀lì, òun á fọ́n fọ́tò náà ká gbogbo ilé ìwé. Kúdí ò mọ̀ ọ́n, àdírẹ́sì ímeèlì nìkan ló rí. Mo fi àdírẹ́sì náà sínú ètò mi. Kíá ni orúkọ jáde, fọ́tò sì tẹ̀ lé e: ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun àwọn Aládùúrà, tó ń rẹ́rìn-ín. Táyé lorúkọ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé aránṣọ lòun ní Ìjẹ̀bú-Igbó. N kò bi ara mi ní ìbéèrè kankan. Mo fi í ránṣẹ́ sí Mùtíù níbi tó ti ń la gẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó yẹn náà, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Òun nìyí. Má jẹ̀ẹ́ kó lọ."

Ọ̀sán gangan ni Mùtíù àti àwọn tí wọ́n jọ ń la gẹdú lọ, àwọn márùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn ya fídíò, ó fi ránṣẹ́ sí mi bí ẹni fi ẹ̀bùn ránṣẹ́. Mo rí i tí wọ́n wọ́ Táyé kúrò nídìí máṣíìnì, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Téèpù náà ni wọ́n fi fún un lọ́rùn. Mùtíù la pákó mọ́ ọn lẹ́nu, eyín méjì jábọ́ sórí aṣọ oníbàárà. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ ẹ̀ṣẹ̀ òun fún òun. Wọ́n na fóònù sí i lójú, fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ó wò ó nínú ẹ̀jẹ̀, ó ní, "Èmi ni lóòótọ́. Kí ni mo ṣe?" Wọ́n gbọ́ pé òun ni, wọn ò dúró gbọ́ ìyókù. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, wọ́n fi òòlù fọ́ àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkan fi igi gún un lójú òsì, ojú náà fọ́. Àwọn tó ń kọjá ń pè é lólè, àwọn mìíràn ń sọ ọ́ lókùúta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: inú mi dùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wo fídíò náà. Ẹ̀yin náà pè mí lọ́jọ́ yẹn, ẹ ṣàdúrà fún mi pé Ọlọ́run á fi kún ọgbọ́n mi, mo sì ṣe àmín.

Ní ọjọ́ kẹrin, Táyé wà ní ọsibítù, wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ni ímeèlì mìíràn wọlé fún Kúdí láti àdírẹ́sì kan náà. Ó pè mí, kò sunkún mọ́. Ó ní, "Bọ̀dá, ọwọ́ wo ló fi kọ ọ́?"

Kúdí wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ó bá àbúrò Táyé obìnrin ní ọsibítù. Obìnrin náà kọ́kọ́ gbá a létí, Kúdí dúró gbà á. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé pé Táyé ti ta fóònù rẹ̀ àtijọ́ fún ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Àgọ́-Ìwòyè, kò mọ̀ pé ímeèlì òun ṣì wà ní ṣíṣí nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn kan náà ni Kúdí ti tún fóònù tirẹ̀ ṣe, ibẹ̀ ló ti rí fọ́tò àti àdírẹ́sì Kúdí. Orúkọ Táyé ni mo rí, fọ́tò Táyé ni, àmọ́ ẹlòmíì ló ń kọ̀wé. Ètò mi ò lè mọ ìyàtọ̀ yẹn. Èmi tí mo ṣe é mọ̀ ọ́n, mi ò kàn fẹ́ rò ó ni.

Mùtíù àti àwọn tirẹ̀ tún mú àdá, wọ́n fẹ́ lọ pa ọkùnrin náà. Kí wọ́n tó débẹ̀, Kúdí ti mú ọlọ́pàá lọ. Wọ́n bá fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wà ní àtìmọ́lé báyìí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mú Mùtíù. Ó ní àṣìṣe ni, ó ti tán. Fídíò yẹn ṣì ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn, wọ́n sì ń pe Táyé lólè nínú ìlú rẹ̀.

Mo pe Táyé. Ẹkún ni mo ń sun, ó jẹ́ kí n sun ún tán. Mo ní èmi ni màá máa gbọ́ bùkátà ìtọ́jú rẹ̀. Ó ní òun gbọ́, òun ò sì kọ̀ ọ́, torí òun ò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ tí n kò lè gbàgbé: "Ìwọ fi orúkọ mi àti ojú mi hàn wọ́n. Tìẹ dà?"

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí nìyẹn. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé mo fi ètò ilé iṣẹ́ ṣe ọ̀rọ̀ ara mi, wọ́n ti lé mi. Ẹrù ni mò ń gbé báyìí nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tó tutù bíi yìnyín. Ìyá mi, mo sì ti kọ gbogbo ohun tí mo ṣe ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, mo fi fídíò náà tì í, ojú Mùtíù hàn nínú rẹ̀ kedere. Mo mọ̀ pé èyí máa dùn yín ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ bẹ ìyá Táyé pé kó jáwọ́ nínú ẹjọ́. Tí ẹ bá máa lọ, ẹ lọ kí i ni. Èmi náà ń bọ̀ wá jẹ́jọ́ tèmi, Ìjẹ̀bú-Igbó ni màá kọ́kọ́ sọ̀ sí kí n tó wá sílé.

Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín, á ṣọ́ yín lójú omi, á wo Táyé sàn, á sì rọ ọkàn Mùtíù. Ẹ bá mi kí gbogbo àdúgbò. Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè pé aránṣọ ni Táyé, kò jalè rí, kò sì kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni.

Ọmọ yín,
Ràṣídì, ọmọ Ìbíadé, ẹni tó fi fọ́tò náà ránṣẹ́.