Àga Ìyá Rẹ Tí Mo Ní Ó Di Ọ̀la

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ara le? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, àfi orúnkún ìyá rẹ tó ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí òróró. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, o kò ní ṣe kòńgẹ́ aburú. Àmín.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ sọ ni ọ̀rọ̀ fóònù. Gbogbo ìparí oṣù ni ìyá rẹ máa ń tẹ ibi tí ohùn rẹ wà, ìwọ náà a sì tún ṣèlérí pé o ń bọ̀ ní ìparí oṣù, o kàn fẹ́ parí nǹkan kan ná ni. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni o ti ṣe ìlérí yìí báyìí, pẹ̀lú ohùn kan náà àti ikọ́ kékeré kan náà láàárín rẹ̀, tí mo fi ń sọ fún ìyá rẹ pé ikọ́ yẹn ti pẹ́ jù, kí o lọ gba oògùn. A máa ń dá ọ lóhùn, ìyá rẹ a ní kí o máa rọra bọ̀, ṣùgbọ́n o kì í dúró gbọ́, kíá ni o máa ń dákẹ́. N kò bínú o, mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀.

Àga tí o fi fóònù rà fún ìyá rẹ ti dé. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ jókòó sórí àpótí kúkúrú mọ́, a sọ fún ọ, nígbà tó di ọjọ́ kẹta alálùpùpù ti gbé páálí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹnu yà mí, torí èmi tí mo ti ń ṣe káfíńtà láti ọdún mọ́kànlélógójì, n kò fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe nǹkan kan rí. Àmọ́ nígbà tí a tú páálí náà, ẹ̀rín pa mí. Ọmọ mi, wọn kò parí àga náà! Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ìṣó wà nínú ọ̀rá. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. O ti ń pe káfíńtà tó ń ṣe é lójoojúmọ́, ó ń sọ fún ọ pé ó kù díẹ̀, nígbà tí ojú wá ń tì í, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Ó tilẹ̀ gbàgbé irinṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, irin kékeré kan tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́. Mo ti fi aṣọ wé e pamọ́ fún un, torí káfíńtà tí kò ní irinṣẹ́, ebi ni yóò pa á. Mo bá a parí iṣẹ́ rẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù tèmi kún un. Nígbà tí fóònù bi mí pé ìràwọ̀ mélòó ni mo fún un nínú márùn-ún, mo fún un ní ẹyọ kan, kó má baà gbéra ga, kó lè tẹra mọ́ṣẹ́.

Ìyá rẹ jókòó sórí rẹ̀, ó ní àga náà dára. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Kì í ṣe pé mò ń jowú páálí o. Àbí mò ń jowú ni?

Ṣé o rántí pákó mẹ́ta tó fara ti ògiri lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi? Ọ̀sẹ̀ tí a já ọ lẹ́nu ọmú ni mo rà wọ́n, mo ní àga ìyá rẹ ni n ó fi ṣe, àga tó ní ẹ̀yìn tó sì ní apá. Ẹ̀yìn pákó yẹn ni o máa ń sá pamọ́ sí bí wọ́n bá ní kí o wá wẹ̀. A ó máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ, a ó sì ṣe bí ẹni tí kò mọ ibi tí o wà, ìyá rẹ a máa bi ìfági, a máa bi ayùn, bóyá wọ́n rí ọmọ òun. Ayé ìgbà yẹn dùn o. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ẹ̀rín yẹn ni mo ń gbọ́. Bí ìyá rẹ bá bi mí nípa àga, mo máa ń ní igi náà kò tíì gbẹ. O wọ ilé ìwé, igi kò tíì gbẹ. O jáde, igi kò tíì gbẹ. Mo ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Irọ́ ni mò ń pa, ọmọ mi. Ọdún mẹ́ta péré ni igi yẹn fi gbẹ. Ẹni tó bá mú owó dání wọlé ni mo máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn, bí n kò bá sì rí ẹni bẹ́ẹ̀, mo gba ọ̀dọ̀ tẹ́lọ̀ lọ, a jọ ń ta dírááfù. Mo rò ó pé ìyá rẹ kò kúkú ní lọ síbì kankan. Àwọn oníbàárà ń pè mí ní Bàbá Ó-dọ̀la, òun kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn tí àga tìrẹ dé, mo búra pé Mọ́ńdè ni n ó bẹ̀rẹ̀ tèmi. Mọ́ńdè dé, mo ní kí n kọ́kọ́ wo fóònù díẹ̀. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ṣe odindi àga kí n tó mu omi ife kan tán, ó ń sáré kiri bí ẹni tí ìjàlọ kó sí láṣọ. Ojú ọwọ́ ara mi tì mí. Mo fi ìka tì í, òmíràn tún dé, ìyẹn ń ṣe tábìlì, mo ní kí èyí parí ná. Wọn ò tán, ọmọ mi, wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn nínú fóònù yẹn. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ṣú mi sí.

Lọ́jọ́ kejì mo fa àwọn pákó náà jáde, wọ́n fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo fi òòlù lu ọ̀kan, ó dún bí páálí. Ikán ti wọ̀ wọ́n láti ìsàlẹ̀, ó ti jẹ inú wọn tán, ó fi ojú wọn sílẹ̀ fún mi kí n máa wò. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún. Àwọn àgbà ní ìjáfara léwu, èmi ni mo rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Ibi tó ṣẹ́kù lókè kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, mo fi ṣe àpótí ìtìsẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, n kò jẹ́ kó di ọ̀la. Ìyá rẹ gbé ẹsẹ̀ lé e, ó wò ó títí, ó ní òun mọ̀ pé igi yẹn yóò gbẹ lọ́jọ́ kan. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ojú rẹ̀ ló ń nù.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún fáníìsì àti pákó tuntun. Má fi gba báǹkì o. Èyí tí mo fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́sí, nígbà tí mo lọ gbà á, owó ẹlòmíràn ni wọ́n kó fún mi. Tèmi ti gbó ní igun, tuntun ni wọ́n fún mi. Mo gbà á ná, kí wọ́n lè fara balẹ̀ wá tèmi.

Ọlọ́run yóò bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ohun tí o ń lé, ọwọ́ rẹ yóò tẹ̀ ẹ́, ojú wa yóò sì rí i. Àmín.

Ìyá rẹ kí ọ. Mo fẹ́ bi ọ́ ní ọjọ́ tí o máa wá, òun ló ní kí n má bi ọ́. Ó ní bí a bá bi ọ́, o ó dá ọjọ́, bí o bá sì dá ọjọ́, òun ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nítorí náà, n kò bi ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ.