Láti Ìgbà tí Píkọ́ọ̀pù Ti Ga ni Ọ̀nà Ọjà Ti Kúrú

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ara wa le, bàbá rẹ ń kí ọ, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọ̀nà dí mọ́ ọ. Ìkíni tó báyẹn, ọ̀rọ̀ pọ̀ nílẹ̀.

Àwọn irin àti táyà ńlá tí o ní kí a fi gbé ògbólógbòó píkọ́ọ̀pù wa sókè ti dé, mẹkáníìkì sì ti dè wọ́n. Ó fẹ́ sọ iṣẹ́ ọjọ́ kan di ti ọ̀sẹ̀, mo bá gbé àga lọ jókòó tì í títí ó fi parí. Ẹrẹ̀ ò mú ọkọ̀ náà mọ́, ó ga bí ẹni tó ń yọjú wo ilé onílé. Àpótí ni mo fi ń gùn ún. Bàbá rẹ gùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ò sọ̀ mọ́, ibẹ̀ la ń gbé oúnjẹ fún un.

Wàhálà wá dé. O mọ̀ pé mo máa ń wo nọ́ńbà tó ń ka ìrìn ọkọ̀ kí n tó ra epo. Nọ́ńbà ní ìrìn ọjà ti dín kù, epo sì ń tán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí lo fẹ́ kí n rò? Ọkọ mi ni àbúrò bàbá rẹ tó ń fi ọkọ̀ náà kó ẹrù oníbàárà lọ sọ́jà fún wa, mi ò lè pè é ní olè. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó ní ìyàwó àwọn, ẹ jọ̀ọ́, táyà ló fà á, èyí tó tóbi kì í yí lọ́pọ̀ ìgbà tó ti tẹ́lẹ̀. Mo ní táyà ò lẹ́nu tó fi ń mu epo. Ìyàwó rẹ̀ ti ń sunkún, nítorí ọkọ rẹ̀ kò níṣẹ́ mìíràn.

Èmi kì í ṣèdájọ́ àgbọ́sọ. Mo jókòó tì í lọ, mo jókòó tì í bọ̀, bàbá rẹ wà láàárín wa nítorí kò tíì sọ̀. A ò yà síbì kankan. Nọ́ńbà ṣì kéré! Ó wá yé mi pé ọ̀nà ló kúrú; ẹni tó bá ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gùn, ìrìn á tètè tán. Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà, mo sì bẹ ọkọ mi. Ó ní kò burú, àmọ́ nígbà mìíràn kí n kọ́kọ́ béèrè.

Mo ti dín owó ẹrù kù fún àwọn oníbàárà, nítorí mi ò kì í rẹ́ni jẹ. Epo nìkan ni kò tíì gbọ́ pé ọ̀nà ti kúrú. Torí náà, fi owó epo ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ ọjà, kí o sì fi ti àkàbà sí i, kí bàbá rẹ lè sọ̀kalẹ̀.

Olúwa á gbé ọ ga ju ọkọ̀ yìí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fà ọ́ wálẹ̀ ò ní rí àpótí gùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.