Ọjọ́ Ìsọmọlórúkọ Bá Mi Nínú Reluwé

Bàbá mi, Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Inú reluwé Aba ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí sínú fóònù. A ti kúrò ní Port Harcourt o, àmọ́ a ò tíì dé ibì kankan. Igbó lọ́tùn-ún, igbó lósì, ẹ́ńjìnnì ti dákẹ́, òógùn sì ti bò mí.

Ìyàwó mi ti bímọ, Bàbá. Ọkùnrin ni! Ilé ìyá rẹ̀ ní Aba ló bí i sí, Màmá sì ti ṣáájú mi lọ síbẹ̀ láti máa wẹ ọmọ. Òní la fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ. Èmi bàbá ọmọ ni mo há sínú igbó.

Èmi tí ẹ bí sí D-Line ní Port Harcourt, tí Pijin wọ̀ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, n ò mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ gan-an là ń kà mọ́ ọjọ́ mẹ́jọ. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mo sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀la lórí áàpù reluwé. Ìgbà tí Màmá pè mí lálẹ́ àná tó bú mi dáadáa ni mo sáré pààrọ̀ rẹ̀ sí tàárọ̀ yìí. Kí ló dé tí ẹ ò kọ́ mi nírú nǹkan báyìí? Bí wọ́n ṣe ń ká tíkẹ́ẹ̀tì sínú fìlà lẹ kọ́ mi. Ta ló lè ká fóònù sínú fìlà?

Áàpù náà ò jẹ́ n sinmi. Ìkìlọ̀ mìíràn tún ti wọlé pé ọkọ̀ máa pẹ́ díẹ̀. Díẹ̀ wo? Abeg! Ìyá kan tó jókòó tì mí ń hanrun ní tiẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n fò jáde lọ wá ọ̀kadà, àmọ́ ojú títì Aba yẹn náà ni jàǹbá ọkọ̀ ti gbà yín lọ́wọ́ wa, mo sì ti búra fún Màmá pé n kò ní gbà á mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí náà, n ò ní purọ́ fún yín.

Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ni. Àwọn àna ti pé, omi, oyin àti iyọ̀ ti wà nílẹ̀, oòrùn ti ń mú, wọn ò lè dúró mọ́. Ó gbé fóònù sétí ọmọ kí n fẹnu ara mi pè é. Mo dìde láàárín èrò, mo pariwo: Babátúndé! Gbogbo ọkọ̀ ṣe àmín, ìyá tó ń sùn náà ta jí. Mo gbọ́ tí ọmọ ké, ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń sunkún. Wọ́n ń gbé yín látọwọ́ dọ́wọ́ ní Aba báyìí, Bàbá. Àwọn tí kò mọ̀ yín rí ti rí yín, èmi nìkan ló kù. Ṣé ẹ ti padà wá lóòótọ́? Bí ẹ bá ti dé, ta wá ni mò ń kọ lẹ́tà sí?

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń bọ̀ wá gbé yín.