Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Ẹ̀yìn Gbọ̀ngàn

Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá
A ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú ní kí n kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sẹ́yìn gbọ̀ngàn — yàrá méjì fún ọkùnrin, méjì fún obìnrin, pẹ̀lú ibi ìfọwọ́. Láti ìgbà tí àwọn bàbá wa ti kọ́ gbọ̀ngàn yẹn, inú igbó là ń sá sí. Èmi àti gbẹ́nàgbẹ́nà na okùn, a kan èèkàn mọ́lẹ̀. Mo délé, mo ròyìn fún Ọ̀gá Ilé (ìyàwó mi ni, kò mọ̀ pé orúkọ tí mò ń pè é níbí nìyẹn). "Ó dáa," ló sọ. Kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lórí ẹ̀wà tó ń ṣà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún
Òkúta. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré, ẹnu dígà ti ń ta iná. A sún kòtò sápá òsì. Ẹ̀yìn ń ro mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje
Ó ti di ọdún méjì tí Ọ̀gá Ilé ti wọ gbọ̀ngàn kẹ́yìn. Òun tó máa ń kọ́ àwọn obìnrin ní ìwé kíkà níbẹ̀ lọ́sàn-án Àbámẹ́ta! Ó ní orúnkún ló ń dun òun. Orúnkún kan náà ló ń gbé e lọ sóko, tó sì ń gbé e bọ̀. Mi ò bá a jiyàn. Mi ò tilẹ̀ bi í léèrè dáadáa rí — bóyá ibẹ̀ ni mo ti ṣì í ṣe.

Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ
Búlọ́ọ̀kù dé. Mọ́kàndínlógún ti fọ́ lójú ọ̀nà.

Ajé, ọjọ́ kọkànlá
Mo gbọ́ nǹkan lónìí. Ìyá Alága, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, gbé omi wá fún wa. Ó wo ìpìlẹ̀ títí, ó ní ká ní eléyìí ti wà lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún ni, ìyàwó mi ì bá ṣì máa kọ́ àwọn níwèé. Mo ní ọjọ́ wo? Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó rò pé mo mọ̀.
Díẹ̀díẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ìpàdé gùn, òjò ń rọ̀, ọkùnrin kún ẹnu ọ̀nà. Ìtọ̀ ń gbọ̀n Ọ̀gá Ilé, ó mú un mọ́ra, ó mú un mọ́ra. Bó ṣe dìde láti ka ìwé ìpàdé sétígbọ̀ọ́ wọn, ló bá tú sí i lára. Níwájú gbogbo ìlú. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín.
Òkè odò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ọdún méjì. Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà là ń sùn. Kò sọ fún mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá
Nínú àwòrán iṣẹ́, ilẹ̀kùn àwọn obìnrin dojú kọ bẹ́ǹṣì tí àwọn ọkùnrin ń jókòó sí gan-an. Ta ni yóò dìde kí ojú gbogbo wọn máa sìn ín débẹ̀? Mo ní ká yí i sẹ́yìn. Alága ìgbìmọ̀ — Bàbá Alágídí — ní rárá, àwọn ti fọwọ́ sí ìwé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó lórí bẹ́ǹṣì yìí, kẹ́ ẹ wá dìde bí ẹni tó ń lọ." Ó jókòó. Ó dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí gbogbo wa tá a tẹjú mọ́ ọn. Ó wúkọ́.
"Ẹ yí i."

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Ilẹ̀kùn ti kọjú sí oko. Mo de irin ìdìmú mọ́ ògiri, mo gbé ìjókòó sókè díẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ — ṣé ààfin lò ń kọ́ ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún
Mo fẹ́ sọ fún un pé mo ti gbọ́. Mo lanu. Ohun tó jáde ni, "Ṣé omi gbígbóná wà?" Ọkùnrin bíi tèmi!

Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún
Omi ti ń yọ. Mo bẹ Ọ̀gá Ilé pé kó wá bá mi wo ọ̀dà ara ògiri kí èrò tó dé fún ìṣílé lọ́la. Ó wá. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó pẹ́. Mo gbọ́ tó ṣí omi, tó tún tì í. Nígbà tó jáde, ara ṣẹ́ẹ̀tì mi ló fi nu ọwọ́.
"Irin yẹn dúró dáadáa," ó ní. Ó di apá mi mú títí a fi délé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún
Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ èyí.
Gbọ̀ngàn kún. Bàbá Alágídí sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ gùn. Bó ṣe jókòó ni Ọ̀gá Ilé dìde.
Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni mo tọ̀ sára níhìn-ín lọ́dún méjì sẹ́yìn."
Gbogbo ilé dorí kodò.
"Ẹ má wolẹ̀. Mo ti sunkún rẹ̀ tán."
Ìyá Alága fò dìde. "Èmi náà! Lọ́dún tó ṣáájú tìẹ. Aṣọ mi dúdú ni ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀."
Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ ìlú dìde: òun náà. Ìyàwó gbẹ́nàgbẹ́nà dìde — ọkọ ẹ̀ yíjú, ó ń wò ó bí ẹni pé kò rí i rí. Ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Àwa ọkùnrin ò mọ ibi tá a máa fọwọ́ sí.
Ẹni tó dìde kẹ́yìn ni ìyá mi. Wọ́n ràn án lọ́wọ́ kó tó lè nàró. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká.
"Èmi náà," ó ní. "Oyún rẹ ni mo gbé dání lọ́jọ́ náà."