Oògùn inú páálí bọ́tìnnì

Ọjọ́bọ̀, Ìgandò

Ara mi ò tíì balẹ̀.

Nínú ìwádìí wa lórí ààbò lọ́wọ́ HIV láàárọ̀, Múfú télọ̀ sọ fún mi pé òun ní kòkòrò náà. Inú páálí bọ́tìnnì ló ń kó oògùn rẹ̀ sí, kí ìyàwó rẹ̀ má bàa rí i.

Ó kan ìyàwó náà lọ́sàn-án. Mo bi í bóyá ẹ̀rù HIV ń bà á. "Ẹ̀rù ò bà mí jàre, aǹtí. Ọkọ mi kì í fi nǹkan pamọ́ fún mi."

Mo ti búra pé mi ò ní tú àṣírí ẹni tí mo bá bi ní ìbéèrè, mi ò lè sọ. Mo sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù Múfú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un. Màá bá yín lọ."

Ó sunkún, ṣùgbọ́n ó tẹ̀lé mi lọ bá ìyàwó rẹ̀, ó sì sọ ọ́.

Obìnrin náà ò wo ọkọ rẹ̀. Èmi ló wò. "Aǹtí, ṣé ẹ ti mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ jókòó tì mí lẹ́ẹ̀kan?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.