Ìyá Má-tíì-pa-á: Ìgbésí Ayé Obìnrin Tó Ń To Eegun Màlúù

A bí olóògbé ní ọdún 1944, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé kan tí òun àti ilé màlúù jọ ń lo ògiri kan. Ìyá rẹ̀ sọ pé nígbà tí ọmọ náà ké, màlúù kan dá a lóhùn láti òdìkejì ògiri. Bàbá rẹ̀ ló ń to eegun ẹran fún gbogbo abúlé tó wà létí odò. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ń ṣe é ṣáájú. Ìyá rẹ̀ ń ṣe okùn tà. Ilé tó ti wá nìyẹn: okùn níwájú, eegun lẹ́yìn.

Kí a tó lọ jìnnà: àwọn ọmọ ní “wọ́n” ni ká máa kọ fún ìyá wọn, bó ṣe yẹ àgbà. Ọkọ rẹ̀ ló ń kọ ìwé yìí lórúkọ ẹbí. “Ó” ló ti ń pè é láti ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Kí àlejò má ṣe bínú.

Òun ni ìkẹta nínú ọmọbìnrin márùn-ún. Bàbá rẹ̀ ń retí ọkùnrin tí yóò kọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìkarùn-ún tún jẹ́ obìnrin, ó ṣíwọ́ ìrètí, ó wo àwọn tó wà nílẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ń sá fún màlúù. Ìkẹta kì í sá.

Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1951, ó jáde ní 1956. Ìṣirò kò wù ú. Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò ló máa ń ya ẹsẹ̀ màlúù sí, oríkèé tẹ̀ lé oríkèé. Olùkọ́ nà án nítorí rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, màlúù olùkọ́ yìí kan náà já sí kòtò, olùkọ́ sì wá bi í pé ibo ni ìwé yẹn wà.

Ní ọdún 1958, akọ màlúù kan tẹ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ìka mẹ́ta kò sì lè ká mọ́. Kò pẹ́, wọ́n mú abo màlúù kan wá tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kán. Bàbá jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń sọ ohun tí ọmọ yóò ṣe. Láàárín iṣẹ́, ohùn bàbá dákẹ́. Nígbà tí ọmọ gbójú sókè, bàbá ti ń bá ẹni tó ni màlúù sọ̀rọ̀ oko. Olóògbé ní ọjọ́ yẹn lòun mọ̀ pé òun ti mọ iṣẹ́.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Kì í kọ́kọ́ fọwọ́ kan ibi tó ń dun ẹran. Ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá ni yóò kọ́kọ́ dì mú, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ bí èyí tó kán ṣe rí kí ó tó kán. Lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sí èyí tó kán, tí yóò dijú. Nígbà tí eegun bá bọ́ sípò, yóò fi aṣọ àtijọ́ wé e, yóò po ẹyin mọ́ ìyẹ̀fun, yóò fi kùn ún, yóò sì fi igi pẹlẹbẹ mẹ́rin há a, yóò dè é. Ewé tó ń sè fún ara wíwú, ó fi han ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Kì í fi iṣẹ́ pamọ́.

Láyé ìgbà náà, bí màlúù bá ṣubú tí kò lè dìde, alápatà ni wọ́n ń kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè. Olóògbé yóò gba ẹ̀yìnkùlé yọ, yóò ti máa wí láti ọ̀nà jíjìn pé, “Ẹ má tíì pa á.” Bó ṣe di Ìyá Má-tíì-pa-á nìyẹn, kí ó tó bí ọmọ kankan. Alápatà abúlé wa sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé obìnrin yìí fẹ́ kí ebi pa òun. Olóògbé ní kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ kejì. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi bú ara wọn báyìí, wọn kò jà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà mìíràn, olóògbé fúnra rẹ̀ ló máa ń ní kí wọ́n lọ pe alápatà. Bí eegun bá ti yọ síta tí ó sì ti ń rùn, kì í tan ẹni tó ni ẹran jẹ.

Ó wọ ilé ọkọ ní ọdún 1966. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Kí wọ́n tó mọ ara wọn, olóògbé ránṣẹ́ sí káfíńtà yìí pé kí ó gé igi pẹlẹbẹ fún òun. Káfíńtà gé e. Olóògbé dá a padà pé inú rẹ̀ kò dán. Káfíńtà tún un ṣe. Ó tún dá a padà. Ní ìgbà kẹta, káfíńtà gbé e wá fúnra rẹ̀, láti wá wo irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ó mú ọwọ́ káfíńtà, ó fi í gba inú igi náà kọjá, ó ní: “Ẹran ò lè sọ pé igi ń gún òun. Ọwọ́ yín ló máa sọ ọ́.” Ọdún yẹn kò parí kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Láti ìgbà náà, kò sí igi tó lò tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀ ló fá a.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọmọ kò mọ̀. Ó yẹ kí ó wà níbí.

Ní ọdún 1971, olóògbé àti ọkọ rẹ̀ ní abo màlúù pupa kan. Òun nìkan ni wọ́n ní. Wàrà rẹ̀ ni àkọ́bí ń mu. Ó ṣubú, itan rẹ̀ kán. Olóògbé tò ó, ṣùgbọ́n ẹran náà kò lè dìde dúró. Ó ní irú ẹran bẹ́ẹ̀, eegun kọ́ ló ń pa á, ìdùbúlẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ tó bá pẹ́ nílẹ̀ yóò jẹrà lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà ó ń yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́ àti kí ó tó sùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi ń yí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá pè é sí abúlé kan tó jìn. Ó fi yíyí sí ìkáwọ́ ọkọ rẹ̀, ó lọ fún ọjọ́ márùn-ún.

Ọkọ rẹ̀ yí i lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, ó bá ẹran náà tó ń sùn, ojú rẹ̀ tòrò. Àánú ṣe é. Ó ní kí ó sinmi. Lọ́jọ́ kẹta, iṣẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń fún un ní omi, ó ń fún un ní koríko, kò yí i.

Nígbà tí olóògbé dé, ẹ̀gbẹ́ tó wà nílẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹran náà kú ní ọjọ́ kejì. Olóògbé jókòó tì í, ó tú okùn, ó tú igi, ó fi ọwọ́ gba eegun náà kọjá. Ó ti so pọ̀, ó sì tọ́. Ó ní: “Ẹsẹ̀ ti san. Ẹni tó ni ín ló kú.”

Kò sọ nǹkan mìíràn. Kò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Kò sọ ọ́ nígbà ìbínú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìbínú kì í ṣàìwà láàárín tọkọtaya. Ọkọ rẹ̀ ìbá fẹ́ kí ó bú òun. Ṣùgbọ́n kò tún fi ẹran kankan sí ìkáwọ́ rẹ̀ mọ́. Káfíńtà ń fá igi. Olóògbé ń yí ẹran.

Ní ọdún 1979, ìjọba rán dókítà ẹran wá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún. Ó sọ ní gbangba pé ẹyin àti ìyẹ̀fun kì í ṣe ìwòsàn, pé oúnjẹ ni wọ́n. Olóògbé ní òótọ́ ni, ó sì bi í bóyá ó ti jẹun. Kò tíì jẹun. Ó fún un ní ẹyin. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti jọ wà nínú ọgbà kan, dókítà di orí mú, olóògbé di ẹsẹ̀ mú. Ẹran tí egbò rẹ̀ bá kẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́ sí dókítà nítorí abẹ́rẹ́. Èyí tí eegun rẹ̀ bá ṣòro tò, dókítà ń fi ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí wọ́n gbé dókítà lọ sí ibòmíràn ní ọdún 1991, ó wá dágbére, ó tọrọ igi pẹlẹbẹ kan. Ó ní òun yóò gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì.

Olóògbé kì í kọ nǹkan sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé ibi tí ẹran ti ṣubú. Ní ọdún 1988, ó lọ sọ fún àwọn àgbà abúlé pé nínú ẹsẹ̀ mọ́kànlá tí òun tò lọ́dún náà, méje ló kán síbì kan náà, níbi gọ́tà tó gba ọ̀nà odò kọjá. Ó ní ẹni tó ń to eegun tí kò wá ibi tó ti ń kán, apẹ̀rẹ̀ ló fi ń pọn omi. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Gbogbo ìpàdé ló ń lọ lẹ́yìn ìyẹn. Yóò jókòó níwájú, yóò to igi pẹlẹbẹ méje sórí itan, kò ní sọ̀rọ̀. Ní ìpàdé kẹfà, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì da kọnkéré bo gọ́tà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló tò. Alápatà ní òun kò rí i rí, kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀.

Ó jẹ́ onígbàgbọ́. Òun ló gbá ilé ìjọsìn ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó pẹ́ dé, òórùn màlúù sì tẹ̀ lé e wọlé. Àlùfáà rọra bá a wí lẹ́yìn ìsìn. Ó bẹ àlùfáà pé kó má bínú, ó ní òun rò pé ibi tí wọ́n tẹ́ Olúwa sí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, òórùn náà wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àlùfáà fi í ṣe ìwàásù, kò dárúkọ ẹni tó ti gbọ́ ọ. Òun náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ rẹ̀ ló ń sọ ọ́ báyìí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, ó ń gbé korobá omi bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó yọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó ti fi ọwọ́ wo ìbàdí ara rẹ̀. Ó ní ó ti kán. Ilé ìwòsàn sọ bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ abẹ, kí a máa gbé e lọ sílé.

Àwọn ọmọ pé jọ sínú yàrá. Èkejì, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, fẹ́ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ní ìlú ńlá. Àkọ́bí ní kí a wá ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní Bàbá ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, kí ló fẹ́ gbé? Olóògbé jẹ́ kí wọ́n sọ tán. Ó wá wo ọkọ rẹ̀. Ó ní: “Káfíńtà, ẹ̀yin lẹ ó máa yí mi.”

Àwọn ọmọ rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni méjì péré nínú yàrá yẹn ló mọ ohun tó ní kí ọkọ rẹ̀ ṣe.

Ọkọ rẹ̀ gbé aago sórí àpótí. Wákàtí méjì-méjì ni. Ó gé pákó kan tó fẹ̀, ó fá a títí ó fi dán, kí wọ́n lè fi aṣọ fa olóògbé lórí rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ìrọ̀rí wà láàárín orúnkún. Gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ibùsùn. Bí olóògbé bá ń sùn, ọkọ rẹ̀ yí i. Bí ojú rẹ̀ bá tòrò, ọkọ rẹ̀ yí i. Bí ó bá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi òun sílẹ̀ díẹ̀, ọkọ rẹ̀ yí i.

Alápatà, tí apá rẹ̀ ṣì le, ń wá lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́ láti bá a gbé e. Lọ́jọ́ kìíní tó wọlé, olóògbé bi í láti orí ibùsùn bóyá ó mú ọ̀bẹ dání. Ó ní rárá. Olóògbé ní: “O ṣeun. Má tíì pa mí.” Alápatà bọ́ síta, ó dúró ti ògiri fún ìgbà díẹ̀. Ó padà wọlé, ó di ẹsẹ̀ mú.

Oṣù méje ni. Lẹ́ẹ̀kan péré ni oorun gbé ọkọ rẹ̀ lọ lórí àga. Olóògbé fi igi pẹlẹbẹ kan lu ògiri, ọkọ rẹ̀ sì dìde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi pẹ́.

Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá ọdún 2021, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló fi lélẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n yí i. Nígbà tí aago pé, ọkọ rẹ̀ yí i.

Nọ́ọ̀sì dé, ó wẹ ìyá rẹ̀. Ó yẹ ẹ̀yìn wò, ó yẹ ìbàdí wò, ó yẹ gìgísẹ̀ wò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó jáde síta, ó ní: “Bàbá, kò sí egbò kankan lára wọn.” Bàbá ní ó dáa.

Ó fi ọkọ sáyé. Ó fi ọmọ mẹ́rin sáyé: àkọ́bí, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù; nọ́ọ̀sì; olùkọ́; àti àbíkẹ́yìn obìnrin, tó ń to eegun ẹran báyìí, tó sì ń dá igi padà fún bàbá rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mọ́kànlá ló ní, àti àrọ́mọdọ́mọ kan tí a kò tíì mọ ohun tí yóò sá fún. Àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì ṣì wà láyé. Wọ́n ṣì ń sá fún màlúù. Àwọn ẹran tó ń fi ẹsẹ̀ tó tò rìn, ẹ óò rí díẹ̀ nínú wọn lójú ọ̀nà bí ẹ bá ń padà lọ sílé. Ẹ rọra kọjá.

Ọkọ rẹ̀ ló kan pósí yìí. Ó fi ọwọ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Ó dán.

Ìyá Má-tíì-pa-á, iṣẹ́ ti parí. Fi ẹ̀gbẹ́ tó bá wù ọ́ lélẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò yí ọ mọ́. Sùn re.