Orúkọ Ta Ni Ó Wà Lẹ́yìn Aṣọ Rẹ?

Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Aláásárì.

Raliat ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé ní Èkó níbẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa náà wà, a dúpẹ́, ìyá rẹ Limota ní kí n kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti dẹ̀, iṣu sì ta dáadáa lọ́dún yìí. Mo fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, tí gbogbo ará ọ̀nà yóò máa gbọ́ bó ti ń kọjá lọ.

Fótò tí o fi ránṣẹ́ dé. O wọ aṣọ pupa, o kọ ẹ̀yìn sí wa, orúkọ ọkùnrin òyìnbó kan sì wà gàdàgbà lẹ́yìn rẹ. Ìyá rẹ bú sẹ́kún. Ó ní ta ló wá tọrọ rẹ, ìgbà wo ni wọ́n so yìgì tí a kò gbọ́. Èmi náà kò lè jẹun. Àbúrò rẹ Hámzàt rẹ́rìn-ín títí kí ó tó ṣàlàyé pé kì í ṣe ọkọ rẹ, agbábọ́ọ̀lù ni, ẹgbẹ́ rẹ̀ lo yàn láàyò.

Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ẹ̀yìn pápá ni a bí ọ sí, àbúrò rẹ ni aṣọ́lé tó ń mú bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ àdúgbò wa, báwo lo ṣe fò wá dá lọ bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́? Hámzàt ní ẹjọ́ rẹ kọ́, pé ẹgbẹ́ yẹn ni tẹlifíṣọ̀n ń gbé jáde tọ̀sán-tòru, òun náà ni rédíò ń dárúkọ, ohun tí ojú bá ń rí lójoojúmọ́ ni ọkàn ń fẹ́. Ó ní ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi ń kún ilé Badmus tó ń fi bọ́ọ̀lù òyìnbó hàn, tó fi jẹ́ pé èmi àti ewúrẹ́ kan tí wọ́n so mọ́lẹ̀ la wo bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá kẹ́yìn. Ó ní tó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ará Ifira bá wá, òun á bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Bó ṣe ń sọ ọ́, kò wo ojú mi.

Mo rò ó síwá sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ rédíò ló ń mú ènìyàn fẹ́ràn ẹgbẹ́, kí ni gbogbo Àkókó máa ń dákẹ́ gbọ́, bí kò ṣe ìkéde òkú? Mo wọkọ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, mo ní kí wọ́n ka tiwa mọ́ ọn. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò tíì sí, ṣùgbọ́n ọkàn ẹnì kan ń kú lọ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì kà á láàárọ̀ Sátidé pé kí tẹbí tọ̀rẹ́ péjú sí pápá ní agogo mẹ́rin nítorí Hámzàt Rájí.

Ọmọ mi, èrò pọ̀. Wọ́n rò pé Hámzàt ti kú. Wọ́n wá láti Ọ̀kà, wọ́n wá láti Epinmi, ẹ̀gbọ́n mi Àsàmáù sì ti ń sunkún bọ̀ lórí ọ̀kadà, àfi bó ṣe rí òkú tó dúró láàárín òpó méjì tó ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n bú mi, mo tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti san owó ọkọ̀ kì í fẹ́ padà láì wo nǹkan, ni wọ́n bá jókòó. Nígbà tí Hámzàt fò mú bọ́ọ̀lù kan, omijé Àsàmáù kò tíì gbẹ tó fi ń pariwo orúkọ rẹ̀ ju gbogbo ènìyàn lọ. Ifira nà wá ní góòlù kan, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó dìde. Láti ìjẹta, àwọn ọmọ tó ń ti ilé kéwú bọ̀ ń jà lórí ẹni tí yóò jẹ́ Hámzàt. Hámzàt fúnra rẹ̀, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ló fi ń ṣe ìrọ̀rí sùn.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Kì í ṣe ti oúnjẹ. Wọn ó tún gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn Iléyá, mo sì fẹ́ san owó ìkéde, lọ́tẹ̀ yìí nínú ètò rédíò tí wọ́n fi ń kí àwọn ìyàwó tuntun.

Aṣọ kan wà lọ́wọ́ awakọ̀ fún ọ, télọ̀ wa ló rán an. Kò pupa tó ti òyìnbó, má fi ọṣẹ líle fọ̀ ọ́. Orúkọ kan wà lẹ́yìn òun náà, Rájí. Ẹni tó ni orúkọ yìí mọ̀ ọ́ láti ọjọ́ ìkómọ rẹ, ó sì ń dárúkọ rẹ nínú gbogbo ìrun márààrún. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o fi wọ inú ire, kí o sì gbé e bọ̀ wálé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Suleiman Rájí.